Èèrà Lára Igi Tuntun: Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Gbin Igi Eléso Sẹ́yìnkùlé Láìjẹ́ Kí Èèrà Dà Yín Láàmú

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí, gbogbo èèyàn á máa ra igi ọsàn, máńgòrò, píà, gúáfà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á létí títì, tó bá wá di oṣù mélòó kan sí i, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: èèrà ti bo igi mi o, kí ni kí n dà sí i? Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn, torí ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n má tíì da nǹkankan sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí èèrà yẹn ń wá. Ọ̀pọ̀ èèrà tó wà lọ́dọ̀ wa níbí kì í jẹ igi. Ilé ló ń wá, tàbí ohun dídùn, tẹ́ ẹ bá sì ti mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, iṣẹ́ ti dé ìdajì nìyẹn.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, bí wọ́n ṣe ń dájọ́ èèrà náà nìyẹn. Wọ́n rí i tó ń gun igi, ewé wá ń pọ́n, ewé ń rọ, wọ́n ní èèrà ló jẹ ẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀yìn ewé wò, ẹ máa rí ẹni tó ń fa omi ara igi yẹn mu gan-an, èèrà kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti wo fídíò lórí YouTube níbi tí èèrà ti ń gé ewé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń gbé e lọ sínú ihò. Òótọ́ ni, irú ẹ̀ wà, àmọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló wà, títí dé Brazil níbi tí wọ́n ti ń pè é ní saúva, kò sí ní Áfíríkà rárá. Torí náà tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti jẹ ewé ọsàn yín, ẹ wá tata, ẹ wá kòkòrò tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé (ọmọ labalábá ni), ẹ sì wo ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nílẹ̀. Ẹ fi èèrà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ dá wọn mọ̀ ná

Èèrà kéékèèké, dúdú tàbí pupa, tó máa ń tò lọ tò bọ̀ lára igi, àwọn nìyí tó ń wá ohun dídùn. Tanpẹ́pẹ́ ńkọ́, ìyẹn ń ta èèyàn, ilẹ̀ ló sì máa ń gbé jù, nídìí igi, nínú náílọ́ọ̀nù nọ́sìrì tí wọ́n fi ń tọ́ igi kékeré, lábẹ́ òkúta. Ìkamùdù, dúdú ńlá tó ń rùn yẹn, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú igi yín, ikán wà lára ohun tó ń pa jẹ, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Ìjàlọ máa ń kọjá ni, wọn kì í wá gbé. Àwọn èèrà pupa kan tún wà tó máa ń fi òwú rán ewé pọ̀ lórí igi máńgòrò tàbí kajú di ilé, ìyẹn ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, màá dé bẹ̀.

Ikán wá kì í ṣe èèrà o. Ìbátan aáyán ni. Ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún un yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó bá gbé oúnjẹ olóró tí wọ́n fi ṣúgà ṣe kalẹ̀ fún ikán kàn ń fi ṣúgà ṣòfò ni. Àmì ikán ni amọ̀: tẹ́ ẹ bá rí amọ̀ gbígbẹ tó gun ara igi lọ tàbí tẹ́ ẹ fa igi kékeré tó ń rọ tó sì kàn tú sí yín lọ́wọ́, tí èèpo ìdí ẹ̀ ti lọ yípo, ikán ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ibi tẹ́ ẹ máa gbìn ín sí

Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje ló dáa jù láti gbìn ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Yàtọ̀ sí pé igi á rí omi mu, ilẹ̀ tó ń tutù lemọ́lemọ́ kì í bá èèrà lára mu láti tẹ̀dó sí, ilẹ̀ gbígbẹ tó rọ̀, tó móoru ló fẹ́. Ẹni tó bá gbin igi sí oṣù kejìlá nínú ọyẹ́, tó wá ń bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i, ṣe ló ń kọ́lé fún wọn.

Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò kékeré yìí. Ẹ bu ṣúgà díẹ̀ sórí ewé kan, ẹ fi ẹja gbígbẹ díẹ̀ sórí òmíì, ẹ gbé e síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ò mú, ẹ lọ ṣe nǹkan míì fún bíi wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá padà, ẹ tẹ̀lé ìlà tí wọ́n bá tò síbi tó já sí. Tí ilé wọn bá jẹ́ abẹ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ gan-an, tó sì tóbi, ẹ sún sẹ́yìn bíi mítà 3, kò tọ́ ìjà. Tó bá jẹ́ kékeré, ẹ máa gbẹ́ ẹ jáde.

Ilé tuntun ní wàhálà tiẹ̀ o. Àwọn bíríkìlà máa ń bo pákó àti bébà àpò sìmẹ́ǹtì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ́ ilẹ̀ kọ́ńpáùndì, oúnjẹ ikán sì ni gbogbo ẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì péré tí pákó tó ti di ihò ikán sì ń jáde níkọ̀ọ̀kan. Ibi tẹ́ ẹ bá ti bá a pàdé, ẹ hú gbogbo ẹ̀ kúrò, ẹ má kàn gbẹ́ ihò igi láàárín ẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa retí kó dáa.

Ẹ má gbìn ín mọ́ ara ògiri náà. Lọ́jọ́ iwájú ẹ̀ka á máa kan ògiri, èèrà á sì ti rí afárá, ẹ máa rí ohun tí mo ń sọ nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ihò

Ẹsẹ̀ bàtà méjì ní fífẹ̀, méjì ní jíjìn, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 60, ó tó fún ọ̀pọ̀ igi eléso. Ilẹ̀ òkè tó dúdú, ẹ kó o sápá kan, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó pupa, ẹ kó o sí apá kejì. Ẹ fi ihò yẹn sílẹ̀ ní gbangba fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí oòrùn wọ inú ẹ̀, láàárín ìgbà yẹn ẹ rọ omi kún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kó fà tán. Èèrà tí wọ́n bá ti da ilé ẹ̀ rú, tí omi sì ń wọlé, á kó ọmọ ẹ̀ á lọ. Tẹ́ ẹ bá bá ilé wọn níbẹ̀ tẹ́ ẹ rí àwọn nǹkan funfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gbé sáré kiri, ọmọ wọn nìyẹn, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o pẹ̀lú ilẹ̀ ẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní omi ọṣẹ. Tẹ́ ẹ bá ní adìyẹ, ẹ kàn dà á síwájú wọn, wọ́n á bá yín parí ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa pò mọ́ ilẹ̀ ló wá jù. Kọmpọ́sìtì tó ti jẹrà dáadáa, tó ti di dúdú, tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde tó ṣì ń gbóná. Àwọn kan máa ń da eegun ẹja, ẹ̀bà àná, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ihò igi torí wọ́n gbọ́ pé ó ń di ajílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìpè àpèjẹ ni fún tanpẹ́pẹ́. Ìyẹ̀fun igi láti sọ́mììlì náà kò gbọdọ̀ wọ inú ihò, ikán ló ń wá irú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Igi tẹ́ ẹ fẹ́ rà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, èèrà àti ohun tó ń tẹ̀lé kì í ṣe kọ́ńpáùndì yín ló ti wá, inú náílọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ gbé wálé ló wà. Ìbáà ṣe lọ́dọ̀ NIHORT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa igi eléso àti ewébẹ̀, ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn lẹ ti rà á, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1975, ìbáà sì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó to igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan náà.

Ẹ yí ewé padà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ àti ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó dà bí òwú, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó sì bẹ́, mealybug nìyẹn. Èyí tó le, tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ka roboto, tó ṣeé fi èékánná ha kúrò, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní scale. Àwọn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó kóra jọ sórí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, aphid ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń fa omi ara igi mu, wọ́n sì ń tọ omi dídùn síta, omi dídùn yẹn ni èèrà ń tẹ̀lé. Tí ewé bá ń lẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ti dúdú bí ẹni fi èédú pa á, wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹ mú igi míì.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé náílọ́ọ̀nù yẹn sókè, ẹ wo ìdí ẹ̀, ẹ fọwọ́ gbá a díẹ̀. Tí èèrà bá tú jáde, ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ inú ẹ̀ ti gbẹ, wọn ò bomi rin ín dáadáa, gbòǹgbò náà lè ti máa jìyà. Ẹ lè sọ fún oníṣòwò pé ẹ ò fẹ́ èyí, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti gbé e délé kẹ́ ẹ tó rí i, kò tíì bàjẹ́. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gba náílọ́ọ̀nù yẹn, ẹ rọ omi sí i kó ga ju ilẹ̀ inú náílọ́ọ̀nù lọ díẹ̀, ẹ rì í sínú ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ààbọ̀ wákàtí. Ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń gun ara igi lọ sókè tọmọtọmọ. Ẹ fi omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ nù wọ́n kúrò níbẹ̀, ẹ gbé igi jáde, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ro. Ẹ gbé e lé orí bùlọ́ọ̀kù tó dúró sínú abọ́ omi títí tẹ́ ẹ fi máa gbìn ín, kí wọ́n má baà tún wọ ibẹ̀, àmọ́ ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́ torí ẹ̀fọn. Mealybug tó wà lára ẹ̀, ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rì sínú omi ọṣẹ nù ún níkọ̀ọ̀kan, ó ń gba sùúrù, àmọ́ igi ẹsẹ̀ bàtà méjì kò níṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Gbígbìn

Ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ bomi rin igi yẹn kẹ́ ẹ tó ya náílọ́ọ̀nù kúrò, kí ilẹ̀ ìdí ẹ̀ má tú. Ẹ gbé e sínú ihò kó wà ní ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù, ẹ má ri ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ mọ́lẹ̀ tó bá jẹ́ igi tí wọ́n lọ́ (ìyẹn èyí tí wọ́n so ẹ̀ka igi kan mọ́ ìdí igi míì), ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀ dáadáa, torí amọ̀ àti ọ̀rinrin tó bá bo ibẹ̀ á pe ikán, á sì pe ìjẹrà. Ẹ dá ilẹ̀ dúdú padà ṣáájú, ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ rọ omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì sí i, kì í ṣe pé torí òùngbẹ nìkan, omi yẹn ló máa di gbogbo àyè tó ṣófo láàárín ilẹ̀ àti gbòǹgbò, àyè ṣíṣófo yẹn ni èèrà ń wá láti fi ṣe yàrá.

Eérú ńkọ́? Eérú igi ìdáná dáa, ẹ lè wọ́n ọn yí ìdí igi ká, kó jìnnà sí ara ẹ̀ díẹ̀, èèrà kì í fẹ́ gba orí ẹ̀ kọjá. Àmọ́ gbígbẹ ló fi ń ṣiṣẹ́, òjò kan péré ó ti tán, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un wọ́n. Ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan méjì ni, ẹ má da abọ́ eérú sínú ihò, ó máa ń yí ilẹ̀ padà débi pé igi ò ní lè rí oúnjẹ fà dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 5: Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́

Ẹ máa bomi rin ín kó wọlẹ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí òjò ò bá rọ̀, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ fi bo ìdí igi dáa fún ilẹ̀, ẹ má yọ ọ́, ẹ kàn sún un sẹ́yìn kó má kan ara igi, bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá mọ̀ pé ikán pọ̀ ládùúgbò yín, ẹ lo koríko tútù tàbí ewé dípò pòròpórò àgbàdo àti igi gbígbẹ.

Tí ikán bá ti fi amọ̀ gun un, ẹ ha amọ̀ yẹn kúrò gbogbo ẹ̀, ẹ bomi rin igi náà, torí igi tí òùngbẹ ń gbẹ ni ikán kọ́kọ́ ń dojú kọ, ẹ sì wá ohun tó ń jẹ lábẹ́ ilẹ̀ káàkiri ibẹ̀: kùkùté, pákó, ẹ̀ka gbígbẹ. Tí ògán bá wà nítòsí, wíwó orí ẹ̀ nìkan ò tó, ọjọ́ díẹ̀ sí i wọ́n á tún un kọ́. Ẹ ní láti gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn, èyí tó funfun tó sanra tí kò lè rìn yẹn, ó sì lè jìn, ẹ pe ẹni tó lágbára. Àwọn kan ò tiẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògán nílẹ̀ wọn, ẹ bi àgbà kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Wọ́n ti ń gun un

Ó dáa, igi ti dàgbà, ó ti ga ju yín lọ, ẹ wá rí ìlà èèrà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ tẹ̀lé wọn sókè. Ibi tí wọ́n bá kóra jọ sí, ibẹ̀ ni mealybug tàbí scale wà. Ẹ má ṣe èèrà ní nǹkankan títí tẹ́ ẹ fi máa rí ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀ka tó bá kún jù, ẹ kó o sínú àpò, ẹ dì í, ẹ má jù ú sídìí igi. Tẹ́ ẹ bá ní ọ́ọ̀sì tí omi ẹ̀ lágbára, ẹ fi fọ ẹ̀yìn ewé, èyí tó bá jábọ́ kì í sábà lè gun un padà. Lẹ́yìn náà ọṣẹ: ṣíbí ìjẹun kan ọṣẹ olómi tí kì í ṣe ti ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú, sínú omi lítà 1. Ẹ kọ́kọ́ fín in sára ewé díẹ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ rí i bóyá kò jó o, kẹ́ ẹ tó wá fín gbogbo igi nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ewé gan-an ni, torí ọṣẹ tí kò bá kan kòkòrò yẹn lára kò ṣe nǹkankan. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ẹyin tó wà nílẹ̀ á ṣì pa.

Ẹni tó ní igi dóńgóyárò nítòsí ti rí òògùn ọ̀fẹ́. Ẹ sá kóró ẹ̀, ẹ yọ èèpo, ẹ gún ohun tó wà nínú ẹ̀, gíráàmù 50 sí omi lítà 1, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ fín in lọ́jọ́ kan náà, torí oòrùn máa ń ba agbára ẹ̀ jẹ́.

Ìgbà yìí lẹ wá máa dínà mọ́ èèrà, ìdí tí mo sì fi sọ pé kẹ́ ẹ dínà kì í ṣe pé èèrà fúnra ẹ̀ burú. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mealybug kan tó wá láti Éṣíà, tí wọ́n ń pè ní Rastrococcus invadens, já wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì fojú igi máńgòrò rí màbo ní Gánà, Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin kó tó tàn dé Nàìjíríà náà. Òògùn fínfín kọ́ ló kápá ẹ̀. Agbọ́n bíńtín kan láti Íńdíà, Gyranusoidea tebygi, ni wọ́n tú sílẹ̀ ní Tógò lọ́dún 1987, ó ń yé ẹyin sínú mealybug, ọmọ ẹ̀ á sì jẹ ẹ́ látinú wá síta. Irú àwọn agbọ́n bẹ́ẹ̀ wà lágbàlá yín láìjẹ́ pé ẹ ra nǹkankan, ojú wa ni ò rí wọn, wọ́n kéré gan-an. Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n ríbi ṣiṣẹ́ ni èèrà tó dúró síbẹ̀, tó ń lé wọn kó lè máa rí omi dídùn ẹ̀ mu. Ẹ gbé èèrà kúrò lójú ọ̀nà, agbọ́n á parí ìyókù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dínà nìyí. Ẹ fi aṣọ tàbí bébà nípọn wé ara igi yíká, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ní fífẹ̀, kó le dáadáa kí èèrà má rí abẹ́ ẹ̀ gbà, ẹ fi sẹ́lótéèpù ńlá wé orí ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi gírísì kun orí téèpù yẹn. Kì í ṣe ara igi lẹ máa kun gírísì sí o, èèpo igi á jó. Igi tí ò tíì tó àtàǹpàkò ọwọ́ ní sísanra, ẹ má wé nǹkankan mọ́ ọn, ẹ máa fọwọ́ nù ún. Gírísì yẹn á kún fún eruku àti òkú èèrà, tí wọ́n á wá fi ṣe afárá, ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tú aṣọ yẹn kó má fún igi lọ́rùn bó ṣe ń sanra.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n á wé ìdí igi tán, ẹ̀ka kan á wà lókè tó kan ògiri, tó kan wáyà aṣọ, tó kan igi kejì, èèrà á kàn gba ibẹ̀ wọlé. Koríko gígùn náà, afárá ni. Ọ̀pá tẹ́ ẹ fi gbé igi ró ńkọ́? Ẹ wé òun náà. Mo ti rí ẹni tó kun igi méjì ní gírísì dáadáa tó gbàgbé ọ̀pá, ìlà èèrà kàn yà sórí ọ̀pá ni, kò tiẹ̀ dúró.

Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ ló kún fún wọn, ẹ lo oúnjẹ olóró. Boric acid ni, ẹ lè bá a lọ́jà kẹ́míkà bíi ti Òjòtá l'Ékòó tàbí kẹ́ ẹ béèrè ní kẹ́mísì ńlá. Ṣíbí tíì kan, ìyẹn bíi gíráàmù 5, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 4, omi gbígbóná ìdajì lítà, ẹ rò ó títí tó fi yọ́. Ẹ má fi kún un pé kó lè yára pa wọ́n. Bó ṣe ń lọ́ra yẹn gan-an ló fi ń ṣiṣẹ́: èèrà á mu ún, á gbé e délé, á pín in fún ìyá àti ọmọ, tó bá lágbára jù ojú ọ̀nà ni wọ́n á kú sí, ilé á sì máa tẹ̀síwájú. Ẹ rì òwú sínú ẹ̀, ẹ fi sínú ike kékeré tó ní ìdérí, ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà wọn. Wọ́n á pọ̀ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má pa wọ́n, ẹ má fín nǹkankan níbẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ kọ ọ́ sára ike pé májèlé ni, ẹ gbé e síbi tí ọmọdé, adìyẹ àti ajá ò ní dé. Ẹ sì rántí pé tí mealybug bá ṣì kún orí igi, wọn ò ní dá ṣúgà yín lóhùn, ìdí nìyẹn tí fífọ ewé fi ṣáájú.

Ẹ má tún fi ajílẹ̀ ṣe àṣejù. Yùríà tó pọ̀ tàbí ìgbẹ́ adìyẹ lemọ́lemọ́ máa ń jẹ́ kí ewé tuntun rọ̀ jù, aphid àti mealybug fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kan ìdí igi

Kẹrosíìnì, pẹtiróòlù, iyọ̀, kọndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì látọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń pa èèrà lóòótọ́, gbogbo ẹ̀ sì ń pa gbòǹgbò, kọndẹ́ẹ̀mù sì máa wà nínú ilẹ̀ yẹn fún ọdún. Omi gbígbóná dáa fún ilé èèrà tó jìnnà sí igi, kì í ṣe ìdí igi.

Òtapiapia àti àwọn dichlorvos inú ìgò, ìyẹn òògùn apakòkòrò tó lóró gan-an, ẹ fi sílẹ̀. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré mílílítà 100 ẹ̀, torí ó ń pa èèyàn. Igi tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ èso ẹ̀ ni, kànga lè wà nítòsí, àwọn agbọ́n tí mo sọ lókè ni wọ́n á sì kọ́kọ́ kú, mealybug tó fi ara pamọ́ sábẹ́ òwú ẹ̀ á ṣẹ́kù. Gammalin 20 tí àwọn bàbá wa ń fín sí kòkó náà ti di èèwọ̀ tipẹ́, tí ẹnì kan bá ṣì ń tà á fún yín lábẹ́lẹ̀, ẹ sá fún un.

Àwọn tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀

Èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá rí i lórí máńgòrò tàbí kajú tó ti dàgbà, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó lé e. Eṣinṣin tó máa ń yé sínú máńgòrò tí ìdin fi ń kún un, pàápàá èyí tó wá láti Éṣíà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2003, èèrà yìí kì í jẹ́ kó rímú mí. Wọ́n ti ṣe ìwádìí ẹ̀ lóko máńgòrò ní orílẹ̀-èdè Benin, igi tí èèrà yìí pọ̀ sí kì í ní ìdin tó ti àwọn yòókù. Àwọn ará Ṣáínà ti ń gbé irú ẹ̀ sórí igi ọsàn láti bíi ọdún 1,700 sẹ́yìn. Lóòótọ́ ó ń tọ́jú scale díẹ̀, ó sì ń gé èèyàn jẹ dáadáa, torí náà lórí igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà kọjá, mi ò ní dá yín lẹ́bi tẹ́ ẹ bá gé ẹ̀ka ọ̀hún kúrò. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi eérú ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun un, tàbí kẹ́ ẹ lo ọ̀pá gígùn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká a.

Ìjàlọ ní tiẹ̀, tó bá gba inú ọgbà yín kọjá lẹ́yìn òjò, kò ní fọwọ́ kan igi, kòkòrò, ìdin àti aáyán ló ń kó jẹ. Ẹ má bá a jà. Ẹ tú ajá tàbí ewúrẹ́ tẹ́ ẹ bá so mọ́lẹ̀, ẹ ṣí ilé adìyẹ kí wọ́n lè sá, ẹ gbé ọmọ kúrò nílẹ̀, tí wọ́n bá lọ tán ẹ lè padà sídìí igi yín.